Ọkọ̀ Ọlọ́lá Yí Àwọ̀ Padà: Kí Ni Àwa Olówó Rẹ̀ Ń Bèèrè?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè ṣàì sọ ní gbangba, nítorí pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọlọ́lá. Bí ọdún mẹ́fà tàbí méje bá ti yí ká, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Jámánì àti ní Jàpáàn a mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ńlá wọn, wọn a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn a yí iwájú rẹ̀ padà, wọn a yí iná rẹ̀ padà, wọn a sì kéde fún gbogbo ayé pé titun dé. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àwọn olówó ọkọ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà a bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí wọ́n ń retí: kí ó má jẹ epo jù, kí ìjókòó rẹ̀ gba ẹ̀yìn ènìyàn, kí ìjánu rẹ̀ tí a ń pè ní bíréèkì má tanni. Àwa ńkọ́? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu wa: "Ṣé èyí tí ó gbòde ni?" Àwa wí pé ìbéèrè yìí kò yẹ àgbà, kò yẹ ìjòyè, kò sì yẹ ọmọ Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó mọ iyì owó.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa sọ ẹ̀rọ yìí. Wọn kò pè é ní ọkọ̀ ìgbéraga. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n pè é, èyíinì ni ohun tí ń rìn jẹ́jẹ́, tí kì í gbọn ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń ku èlùbọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ atútù sì wọ inú Mercedes, wọ́n fi ọyẹ́ kún orúkọ rẹ̀, ó di Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ni orúkọ méjèèjì ń sọ: ọ̀kan ní kí ó rìn jẹ́jẹ́, èkejì ní kí ó fún ni ní ìtura nínú ooru. Orúkọ wọ̀nyí ni ìwé àdéhùn tí àwọn baba wa bá ọkọ̀ ṣe láìlo tádàwà.

Nígbà tí ó wá kan àwa, irú orúkọ wo ni a sọ? Honda Accord ti ọdún 2003 dé, àwọn ọmọ wa ní "End of Discussion", pé ọ̀rọ̀ parí. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí àwọn tí ó ṣe é fi tún ojú rẹ̀ ṣe fún ọdún 2006. Ọ̀rọ̀ tí a ní ó ti parí, a tún ń pè é ní "Discussion Continues", pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bá a lọ. A rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ara wa ni a ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí lóòótọ́. Nínú àwọn Accord ìgbà náà tí a tà ní Amẹ́ríkà, àpò afẹ́fẹ́ kan wà tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Jàpáàn ṣe, tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀mí awakọ̀ là nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. A wá rí i pé ó lè bú gbàmù, kí ó sì fọ́n ẹ̀já irin sí ènìyàn lójú àti lọ́rùn. Ìwádìí fi hàn pé ooru àti ọ̀rinrin ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà nìkan, irú àpò bẹ́ẹ̀ tí a pè padà lé ní 60 mílíọ̀nù, nínú ọkọ̀ Honda àti ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí ó di ọdún 2017, gbèsè ti bo Takata mọ́lẹ̀. Ǹjẹ́ ilẹ̀ wa láti igbó Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé ọ̀sà Ìwopin kì í ha ṣe ilẹ̀ ooru àti ọ̀rinrin bí? Ọkọ̀ tí a ti lò níbẹ̀ kọ́ ni a ń pè ní Tòkunbọ̀, bí ẹni pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni? Mélòó nínú wa ni ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á bóyá a ti pààrọ̀ àpò náà?

Ẹni tí ó mọ ẹṣin rà fún Ojúde Ọba kì í wo gàárì. A la ẹnu ẹṣin, a wo eyín rẹ̀, a gbé pátákò rẹ̀ sókè, a ní kí a gùn ún lọ kí a gùn ún bọ̀ kí òun lè rí i bí ó bá ń tiro. Ẹni tí ó ra ẹṣin nítorí gàárì, gàárì náà ni yóò rù relé. Kí ni ó wá dé tí àwa ọmọ ẹlẹ́ṣin fi ń ra ọkọ̀ nítorí iná iwájú rẹ̀?

Àwọn kan yóò dáhùn pé ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ mọ̀ ju ẹni tí ń gùn ún lọ, àti pé ohùn wa kò lè dé Jámánì. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ojú rí dá wọn lóhùn. Ní ọdún 2002, Mercedes gbé E-Class titun jáde, wọ́n sì fi ìjánu kan sínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń darí, tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀. Àbùkù yọ, àròyé pọ̀. Ní ọdún 2004, ọkọ̀ tí ó tó 680,000 ni wọ́n pè padà nítorí ìjánu yìí. Nígbà tí ó sì di ọdún 2006, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú E-Class pátápátá, wọ́n padà sí irú ti àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn olówó ọkọ̀, ó sì yí ọwọ́ padà. Ẹnu tí a kò là ni a kì í gbọ́.

Ẹ tún rántí Peugeot 504. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1975 ni a ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ọdún 1983 ni a dẹ́kun àtiṣe 504 ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Kàdúná ṣì ń to ó pọ̀. Kí ni ìdí rẹ̀? Kì í ṣe ẹwà ojú. Ó ga kúrò nílẹ̀, ìdí rẹ̀ kò rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni kò le jù, kò sì sí mọkálíìkì abẹ́ igi tí kò mọ̀ ọ́n tú kí ó sì mọ̀ ọ́n tò. Adájọ́ gùn ún, ọ̀gá ilé-ìwé gùn ún, ìjòyè gùn ún, iyì wọn kò sì dínkù.

Ǹjẹ́ kí ni ó yẹ kí a máa bèèrè nígbà tí a bá ń tún ọkọ̀ ọlọ́lá ṣe?

Èkínní ni gíga rẹ̀ àti táyà rẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́lá òde òní ń fi àyà wọ́lẹ̀, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tóbi sí i, rọ́bà táyà tí ó yí irin náà ká sì ń tín-ín-rín bí ìgbànú. Lójú títì ilẹ̀ Jámánì, ó dára. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ agégẹdú àti ọkọ̀ akókòó ti tẹ̀ di kòtò, kòtò kan ṣoṣo tó láti tẹ irin ẹsẹ̀ náà.

Èkejì ni táyà àpamọ́ inú búùtù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́lá titun, a ti mú un kúrò. Ike oje tí a fi ń dí ihò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, tàbí táyà líle tí wọ́n ní ó lè rin nǹkan bí 80 kìlómítà lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti tán. Bí ó bá wá bẹ́ lóru láàárín igbó ní ọ̀nà Àbígí, ta ni yóò ta irú rẹ̀ fún ọ? Ọkọ̀ tí kò ní táyà àpamọ́ nílẹ̀ wa dà bí arìnrìn-àjò tí kò di èkuru kankan dání.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun tí ọwọ́ ń dì mú. E-Class tí a fi hàn ní ọdún 2023, ojú gíláàsì tí ń tàn ni a lè fi bo iwájú ìjókòó rẹ̀ láti apá kan dé èkejì. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ń yà fún kòtò ní ọ̀sán gangan kò gbọdọ̀ máa wá ọyẹ́ kiri lójú gíláàsì bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Kí a fún wa ní bọ́tìnì tí ìka lè mọ̀ láìwò ó.

Ẹ̀kẹrin ni ti àtúnṣe. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀rọ tí ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀, àfọ̀mọ̀ lásán ni yóò máa ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún wa, ó yẹ kí ó kọ́ àwọn ọmọ wa ní àtúnṣe rẹ̀. Àwa ní Abraham Adesanya Polytechnic ní Ìjẹ̀bú-Igbó. A ní yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí ó wà ní Agó-Ìwòyè, tí ó ń jẹ́ orúkọ Olabisi Onabanjo. Kí ni ó dí wa lọ́wọ́ tí a kò fi so ọjà ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ọkọ̀?

Ẹ̀karùn-ún ni òtítọ́ fún ẹni tí ó rà á kejì. Bí a bá pe ọkọ̀ kan padà ní òkè òkun nítorí àbùkù, ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, "Tòkunbọ̀ ni àpò mi gbà, kí ni ó kàn mí nípa ọkọ̀ titun?" Ó kàn ọ́ gidigidi. Tòkunbọ̀ òní ni ọkọ̀ titun àná. Ohun tí a kò fi sínú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní titun, kò sí ẹni tí yóò bá ọ fi sí i ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Láti oṣù Okúdù ọdún 2023 tí a ti tú okùn náírà sílẹ̀ fún ọjà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin náà mọ iye tí a ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Mo ti ra jíìpù, mo ti bọ́ lọ́wọ́ kòtò." Èyí ni ó dùn wá jù. Ìjòyè tí ó ra jíìpù kí ó má baà mọ̀ pé ọ̀nà bàjẹ́, ó ti fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kòtò náà. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni ẹlẹ́rìí òtítọ́ nípa ọ̀nà. Níbi tí kò bá ti lè yọ́ kẹ́lẹ́, ìlú ní ẹjọ́ láti rò níwájú ìjọba. Àwọn ará wa ní etí omi tí wọ́n ṣì ń fi ọkọ̀ ojú omi dé ọjà, wọ́n ní ẹjọ́ tí ó ju tiwa lọ. Kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ọlọ́lá fi ohùn ọlá rẹ̀ bá wọn rò ó.

Kí ni ọlá ọkọ̀? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1997, àwọn apànìyàn yìnbọn lu ọkọ̀ Olóyè Abraham Adesanya, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìlú Èkó. Baba náà jáde láàyè, ó sì gbé ayé títí di ọdún 2008. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ní ọjọ́ náà bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ni ó gbòde. Ohun tí gbogbo ènìyàn bèèrè ni pé, "Ṣé Baba délé?" Ìbéèrè tí ó yẹ kí a fi wọn gbogbo ọkọ̀ nìyí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ọmọlúwàbí. Kí ẹnikẹ́ni má san owó ọkọ̀ Tòkunbọ̀ láì kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ṣásí rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣí àkọsílẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a lè fi nọ́ńbà náà wá inú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, bí ọkọ̀ náà bá ti ibẹ̀ wá. Kí a rántí pé òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ òtítọ́ nípa ọjà tí ó ń rà. Àwọn ẹgbẹ́ régberégbe wa mọ bí a ti í dá aṣọ kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ohùn kan náà pẹ̀lú, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tí ń ta ọkọ̀ ní Èkó, kí wọ́n ka ohun márùn-ún wọ̀nyí sí wọn létí. Ẹni kan ṣoṣo tí ó kọ̀wé, wọn a lè fi ìwé rẹ̀ di ẹ̀pà. Ẹgbẹ́ tí ó kọ̀wé, wọn a fún un ní àga.

Àwọn baba wa sọ ọ́ ní ayọ́kẹ́lẹ́. Orúkọ ọmọ ni í ro ọmọ. Kí àwa ọmọ wọn rí i pé ọkọ̀ náà jẹ́ orúkọ rẹ̀, tàbí kí a kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Ire o.