Ẹ̀bi Portland Kò Sí Lẹ́sẹ̀ Bowie

Kò sí àríyànjiyàn básíkẹ́ẹ̀tì ní agbègbè wa yìí, láti Máfolúkù títí dé Èjìgbò, tí kì í já sórí Sam Bowie. Ẹnì kan á dárúkọ Michael Jordan. Ẹlòmíràn á ní ṣáájú Jordan ni wọ́n ti mú Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó bíi tiwa. Ẹni kẹta á wá bú sẹ́rìn-ín pé, "Portland wá ńkọ́?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí, torí gbogbo ayé ti gbà pé àwọn alákòóso Portland Trail Blazers ọdún 1984 ya òmùgọ̀.

Èrò tiwa ni pé wọ́n jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀bi tí ayé ń dá wọn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jẹ. Ó yẹ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí èyí tí wọ́n jẹ gan-an kò tíì kúrò láyé. Ó wà nínú ilé, ó wà ní pápá ìṣeré, ó sì wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Fún ẹni tí kì í wo NBA, báyìí lọ̀rọ̀ ṣe rí. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ máa ń mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe kàn wọ́n. Draft ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1984, wọ́n ti ju owó ẹyọ sókè láàárín Houston Rockets àti Portland láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú, orí sì bá Houston ṣe é. Wọ́n mú Ọlájùwọ́n. Portland mú Bowie, ọmọ Yunifásítì Kentucky tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Chicago Bulls tó ṣe ìkẹta mú Jordan. Ife-ẹ̀yẹ 6 ni Jordan gbà fún Chicago. Ní ti Bowie, ọdún 5 ló lò ní Portland, eré 139 péré ló sì rí gbá nínú 410, torí pé léraléra ni egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kán.

Ohun tí àwọn tó ń fi Portland ṣẹ̀sín ń wò kò ju ìṣirò yìí lọ: ife 6 lọ́wọ́ kan, ẹsẹ̀ kíkán lọ́wọ́ kejì. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn ọ̀rọ̀, dandan ni kó gbọ́n ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Òṣòdì. Ọkọ̀ méjì ń pe Ìsọlọ̀. Èkíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó èrò. Ẹ wọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, torí òun ni yóò kọ́kọ́ gbéra. Nígbà tó dé Toyota, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, èkejì sì fò kọjá, kọ́ńdọ́ rẹ̀ ń juwọ́ sí yín. Ṣé ẹ ṣi ọkọ̀ wọ̀ ni? Rárá o. Ohun tó wà níwájú yín lẹ fi pinnu, ìpinnu náà sì dára. Ọkọ̀ ló kú, ọgbọ́n yín kò kú. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí i pé wọ́n ń ti ọkọ̀ náà kó tó ṣáná, tí èéfín ń rú lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ sì wọ̀ ọ́ nítorí pé àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Bí ọkọ̀ yẹn tilẹ̀ gbé yín délé láyọ̀, ẹ ò pinnu dáadáa.

Kí ni Portland wá rí kí wọ́n tó wọkọ̀? Wọ́n rí èéfín díẹ̀. Odidi sáà méjì ni Bowie kò fi lè gbá bọ́ọ̀lù ní Kentucky nítorí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò di ojú sí i. Wọ́n ní kó wá, àwọn dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Nínú fíìmù kan tí ESPN gbé jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 2012, Bowie fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n ń fi òòlù kékeré gbá a lójúgun, ó ń sọ fún wọn pé kò dun òun, bẹ́ẹ̀ ó ń dùn ún nínú lọ́hùn-ún. Dẹ́rẹ́bà mọ̀ pé ẹ́ńjìnì kò dá, ó ní kò sí wàhálà.

A kò ní sọ pé irọ́ dára. Àmọ́ ẹ ronú nípa ọ̀dọ́ kan tí ọrọ̀ ayé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn náà. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Àwọn ọmọ agbègbè wa wà tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Rowe Park ní Yaba, tàbí pápá ìṣeré Sùúrùlérè, láti lọ fi ara wọn han àwọn tó ń ṣa ọmọ. Àwọn kan ń di orúnkún pa mọ́ sábẹ́ ṣòkòtò gígùn. Àwọn mìíràn ń gé ọjọ́ orí wọn, tó fi jẹ́ pé "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù" ti di ọ̀rọ̀ àwàdà ní Nàìjíríà. Kí ló dé? Wọ́n ti rí i pé ẹni tó bá sọ pé ibì kan ń dun òun, ọjọ́ náà ni wọ́n ń lé e, kò sí ẹni tó ń ní kó lọ tọ́jú ara kó padà wá. Ẹni tó bá ń lé olóòótọ́ kúrò lọ́jà, irọ́ nìkan ni yóò rí rà. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ìtàn Bowie yẹ kó kọ́ àwọn tó ń ṣa ọmọ. Síbẹ̀, òun kọ́ ni ẹ̀bi tí a ń wá.

Ẹ̀bi gan-an nìyí: Portland ti ní Clyde Drexler. Ọdún 1983 ni wọ́n mú un, ipò kan náà ni òun àti Jordan sì ń gbá. Wọ́n ní irú Jordan ti wà nílé, ọkùnrin gíga tí yóò dúró lábẹ́ agbọ̀n làwọn ń wá. Kì í ṣe pé wọn kò nídìí. Ọdún 1977 ni Portland gba ife, ọkùnrin gíga kan tó ń jẹ́ Bill Walton ló sì gbé wọn débẹ̀. Wọ́n gbà pé ọ̀nà tí ife gbà wá lẹ́ẹ̀kan ni yóò tún gbà wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Houston lọ́jọ́ kan náà. Houston ti ní Ralph Sampson, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 4. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n mú un, òun ni wọ́n sì dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ tuntun tó dára jù ní sáà náà. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "a ti ní ọkùnrin gíga," àwọn ni. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ọlájùwọ́n ló dára jù lójú àwọn, wọ́n mú un, wọ́n wá jókòó ronú bí àwọn méjèèjì yóò ṣe gbá pọ̀. Houston náà fi Jordan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sí ẹni tó ń bú wọn. Àwọn kan á ní torí pé Ọlájùwọ́n gba ife ní 1994 àti 1995 ni. Ní tiwa, bí kò tilẹ̀ gba ife kankan, ìbéèrè tí Houston bi ara wọn lọ́jọ́ yẹn dára ju ti Portland lọ. "Ta ló dára jù?" ni Houston béèrè. "Kí ló kù nílé?" ni Portland béèrè.

Ẹ má sì sọ pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ nípa Jordan. Ní ọdún 1984 yẹn gan-an ló gba àmì-ẹ̀yẹ Naismith àti ti Wooden, tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó dára jù láàárín àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà. Ìtàn kan wà tí àwọn olólùfẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kì í yé sọ, pé Bobby Knight, kóòṣì ikọ̀ Amẹ́ríkà sí Òlíḿpíìkì ọdún náà, gba Stu Inman ti Portland níyànjú pé kó mú Jordan. Inman ní sẹ́ńtà làwọn ń wá. Knight ní kó mú Jordan, kó fi ṣe sẹ́ńtà.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn mìíràn. Ní 2007, Portland tún ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́yà ṣe máa ń sọ: wọ́n mú Greg Oden, wọ́n fi Kevin Durant sílẹ̀. Eré 82 ni Oden gbá fún wọn, orúnkún ló dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa eré náà nígbà yẹn ló gbà pé Oden ni ẹni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ni wọ́n wọ̀, ẹ́ńjìnì ló kú. Kò tọ́ ká da 2007 pọ̀ mọ́ 1984.

Ní 2013, ọ̀dọ́ 14 ni wọ́n mú kó tó kan Giannis Antetokounmpo, ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ Adétòkunbọ̀ kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Cleveland Cavaliers tó kọ́kọ́ mú yan Anthony Bennett, àmì 4.2 ló sì ń gbà nínú eré kọ̀ọ̀kan ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Phoenix Suns tó ṣe ìkarùn-ún mú Alex Len. Phoenix yìí kan náà ni Giannis gba àmì 50 lé lórí ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2021, tó fi gba ife fún Milwaukee Bucks. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún fi rẹ́rìn-ín, pàápàá fún Yorùbá. Síbẹ̀, ìpele kejì ní ilẹ̀ Gíríìsì ni Giannis ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Ta ló fẹ́ mọ̀? Cleveland pàápàá ti ní Tristan Thompson nípò tí Bennett ń gbá, wọ́n ṣì mú un nítorí pé wọ́n rò pé òun ló dára jù. Ìbéèrè Houston ni wọ́n béèrè, èsì wọn ló burú. Ìbéèrè rere kò lè dí gbogbo ihò, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè é tó kùnà, ẹ rọra bú u.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára ni pé ìbéèrè Portland ni ọ̀pọ̀ ilé ń béèrè bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde. Ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí náà dókítà ti wà nílé; àbúrò, lọ́yà ló kù, ìwọ lọ ṣe lọ́yà. Kò sí ẹni tó wo ìwé àbúrò, kó rí i pé ọmọ yìí ni orí rẹ̀ pé jù nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ ń fà nílẹ̀ ní kíláàsì òfin, wọ́n ń ní kò fọkàn sí i. Bowie tuntun ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe yẹn. Àwọn tó ń yan ọmọ fún ikọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa náà ń sọ ọ́: "A ti ní irú ẹ." Ṣé dókítà méjì ń ba ilé jẹ́ ni?

Ọlájùwọ́n gan-an ì bá má débì kan bí gbogbo ènìyàn bá ronú bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ń gbá kó tó di pé ó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó wà ní Muslim Teachers College ní Èkó, ọmọ ọdún 15 ni. Nígbà tó dé Houston ní ọdún 1980 láti wá fi ara rẹ̀ han yunifásítì ibẹ̀, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, wọ́n jẹ́ kó gbá, wọ́n sì wo ohun tó wà níwájú wọn.

Ìyẹn nìkan la lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń yàn. Nígbà tí àríyànjiyàn bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí Portland rí lọ́jọ́ náà àti ìdí tí wọ́n fi gbójú kúrò lára rẹ̀. Drexler tí wọ́n torí rẹ̀ fi Jordan sílẹ̀, Houston ló padà tà á sí ní 1995, ọ̀dọ̀ Ọlájùwọ́n ló sì ti gba ife. Ẹ fi Bowie sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìyà tó.