ERUKU BỌ́ǸBÙ TÓ BÁ ỌYẸ́ WỌ̀LÚ: Ẹ YÉ LÉ ÌYÁ ÀGBÀ JÁDE NÍTORÍ KÓKÓ ỌRÙN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀.

Eruku ọyẹ́ tí à ń nù lára àga ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlúpéjú lọ́dọọdún, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e bọ̀. Inú aṣálẹ̀ yẹn, nítòsí Reggane ní Àlgéríà, ni ìjọba Faransé ti dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ wò ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, ọdún 1960. Agbára rẹ̀ ju ti Hiroshima lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Oṣù kejì, ẹ gbọ́ o! Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn. Mẹ́ta míì tún bú ní gbangba kí oṣù kẹrin ọdún 1961 tó parí.

Àwọn bàbá wa ò dákẹ́. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí òmìnira wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, ìjọba Tafawa Balewa já okùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Faransé, wọ́n sì fún aṣojú wọn ní wákàtí 48 kó fi kúrò nílùú. Oṣù kìíní 1961 nìyẹn. Lọ́dún 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tí yóò máa wọn ìtànṣán olóró.

Kí ni eruku yìí ń ṣe lára? Bí bọ́ǹbù bá bú, oró á bá afẹ́fẹ́ lọ, á balẹ̀ sórí koríko. Màlúù á jẹ koríko, oró á bọ́ sínú wàrà, ọmọ á mu wàrà. Èyí tí wọ́n ń pè ní iodine-131, ọrùn ló ń lọ, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló fi ń dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ tó bá dá sílẹ̀ lè pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún kó tó yọjú, ọmọdé ló sì ń bá jà jù. Strontium-90 ní tiẹ̀, inú egungun ló ń sá sí, ó sì tó nǹkan bí ọdún 29 kó tó dín sí ìdajì.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Nínú ìjọ wa níbí, kókó yọ lọ́rùn ọmọ kan, ẹbí ní "àwọn ayé" ni, wọ́n fẹ́ lé ìyá àgbà síta. Ìyá tó ń gbàdúrà fún wọn kí wọ́n tó bí wọn! A ò gbà. Ẹ mọ̀ wá, a kì í fi ọ̀rọ̀ ogun ẹ̀mí ṣeré. Ṣùgbọ́n ìkà kan wà tó ní déètì, tó ní ìwé àṣẹ, tí àwọn tó wọ kóòtù buwọ́ lù.

Ẹ má sì wá sọ pé Pásítọ̀ ní Faransé ló fi kókó sọ́rùn ọmọ o. A ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń fa kókó ọrùn, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò sí dókítà tó lè wo kókó kan ṣoṣo kó ní bọ́ǹbù ló fà á. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2014, ìwé ìròyìn Le Parisien gbé àwòrán ilẹ̀ jáde láti inú ìwé àwọn ológun Faransé: eruku náà tàn dé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òfin owó ìtanràn tí Faransé ṣe lọ́dún 2010, àwọn tó wà ní Àlgéríà àti Polynesia nìkan ló kàn. Kò kan Nàìjíríà rárá. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ìjọba àpapọ̀ gbé gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n láyé ìgbà yẹn síta, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, kí wọ́n sì gba ìyókù lọ́wọ́ Faransé. Bó bá kéré, kí wọ́n fi iye rẹ̀ hàn wá.

Ní ti ọmọ yẹn, LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí wa. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọn á fi ìtànṣán jó ènìyàn níbẹ̀. Rárá o. Ìtànṣán tí dókítà wọ̀n, tó sì darí sójú kan ṣoṣo, kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku tí ológun jù sínú afẹ́fẹ́. Ẹ mú èsì àyẹ̀wò wá sí ìsìn Wẹ́sídeè, a ó jọ gbàdúrà lé e lórí. Màmá ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Ẹ kí wọn dáadáa.