18 Kan Náà, Máàkì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọmọ ọdún kìíní kan ló kọ́kọ́ rí i. Òru ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ gba 18 nínú 20. Kí ló dé tí tirẹ̀ fi jẹ́ 90, tí tèmi wá jẹ́ 36?"

Ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn tí ẹ̀ka wa ń ṣe lọ́dọọdún ni. Èmi tí mo máa ń pariwo R kiri ni wọ́n gbé ìṣirò rẹ̀ fún. Èèyàn 41 ló kópa, ìpele mẹ́ta ni: 20 ni máàkì ìpele kìíní, 50 ni ti èkejì, 100 ni ti ẹ̀kẹta. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n sọ ìpele kọ̀ọ̀kan di iye nínú 100, kí ìpele kẹta má baà gbé àwọn méjì yòókù mì. Mo kó máàkì wọn sínú mátíríìsì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà ìbú tirẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìlà òòró tirẹ̀. Mo wá tẹ ìlà kan péré:

M / c(20, 50, 100) * 100

Kò sí àṣìṣe, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Mo lẹ àbájáde ìpele kìíní mọ́ gúrúùpù WhatsApp wa, mo bá oorun lọ.

Ohun tí mi ò rò ni pé R kì í wo mátíríìsì bí èmi ṣe ń wò ó. Láti òkè òòró kìíní ló ti máa ń ka nọ́ńbà wá sísàlẹ̀, kó tó bọ́ sórí òòró kejì. Nígbà tí mo fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta, kò mọ̀ pé mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ bá òòró tirẹ̀. Ṣe ló ń pín wọn lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń pín káàdì: ẹni àkọ́kọ́ gba 20, ẹni kejì gba 50, ẹni kẹta gba 100, ẹni kẹrin tún padà sí 20. 18 tí a fi 20 pín di 90, 18 tí a fi 50 pín di 36. Ọmọ kan tó gba 60 ní ìpele kẹta, 20 ló bọ́ sí i lọ́wọ́ níbẹ̀, ló bá gba 300 nínú 100! Ká ní mo tiẹ̀ yojú wo òòró yẹn ni, ǹ bá ti rí i.

Ẹ lè ní kí ló dé tí R kò kìlọ̀. Ó máa ń kìlọ̀ tí gígùn ohun tí a fi ń pín kò bá lọ déédéé sínú gígùn ohun tí à ń pín. Ṣùgbọ́n 41 lọ́nà 3 jẹ́ 123, 3 sì lọ sínú 123 láìṣẹ́kù. Mátíríìsì yòówù kó jẹ́, iye òòró rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ déédéé sínú iye gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀. Nítorí náà, irú àṣìṣe yìí kì í pariwo láé.

Ohun tó yẹ kí n kọ rèé:

sweep(M, 2, c(20, 50, 100), "/") * 100

2 yẹn ló ń sọ fún R pé òòró ni mò ń sọ. 1 ni ìbú. Tó bá jẹ́ pé inú òòró fúnra rẹ̀ ni a ti fẹ́ mú ohun tí a ó fi pín, apply ló yẹ ẹ́: apply(M, 2, function(x) x / max(x)). Á mú òòró kan jáde, á fi x pè é, á ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, á tún mú èyí tó kàn.

Níbi tí mo fẹ́ ká ti jiyàn rèé. Nínú tutorial wa, bí àkọ́sórí la ṣe ń kọ́ apply: "lúùpù lọ́ra, apply ló yá." Kò rí bẹ́ẹ̀. Lúùpù ló wà nínú ikùn apply fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìpíndọ́gba nìkan lẹ fẹ́, colMeans ló yá jù. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn apply ni pé ó ń fi dandan mú mi sọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà, ìbú àbí òòró, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà tí mo fi bá ara mi jẹ́ kò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Apply náà ní àrékérekè tirẹ̀ o. Ẹ ṣí R, ẹ mú iris, àwọn òdòdó 150 tí R. A. Fisher lò nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1936. Òòró mẹ́rin jẹ́ nọ́ńbà, ìkarùn-ún jẹ́ orúkọ irú òdòdó. Ẹ tẹ apply(iris, 2, is.numeric). FALSE márùn-ún ni yóò fún yín! Apply ti kọ́kọ́ sọ gbogbo tábìlì di mátíríìsì, mátíríìsì kì í sì í gba nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ pa pọ̀, ló bá sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀. Sapply(iris, is.numeric) ló máa sọ òótọ́ (ẹ fi s kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀). Tí ẹ bá yọ òòró karùn-ún kúrò, ìpíndọ́gba òòró kìíní á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́: 5.843.

Mo mọ ohun tí àwọn ọdún àṣekágbá kan máa sọ: "Kí ló kàn mí? Mo ti sanwó fún ẹni tó máa bá mi run analysis." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni yẹn náà lè tẹ irú ìlà tí mo tẹ̀. Ìwé tí wọ́n máa gbé fún yín kò ní ìkìlọ̀ kankan lára, ẹ̀yin lẹ sì máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣàlàyé tábìlì kejì. Ẹ gba kóòdù náà pẹ̀lú èsì. Ẹ bu ìlà mẹ́rin nínú dátà yín, ẹ fi bírò ṣírò rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èmi tún gbogbo rẹ̀ ṣe lóru yẹn, mo tọrọ àforíjì lórí gúrúùpù, ipò àwọn kan sì yí padà, inú ọmọ tó gba 300 kò dùn rárá. Ọmọ ọdún kìíní tó kọ̀wé sí mi ti ń kọ́ R lọ́dọ̀ mi báyìí. Mátíríìsì oníbùú mẹ́rin, olóòró mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ gbé fún un, pẹ̀lú bírò.