Ta Ni Ó Sọ Ọ́, Báwo Ni Ó Sì Ṣe Mọ̀?

 Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí jẹ́. Ohun tí ojú mi rí nínú ìwé ọmọ kan ní Òde-Ìrèlè ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kò kéré rárá.

SS 2 ni ọmọ náà wà. Olùkọ́ wọn ní kí olúkúlùkù kọ ojú-ewé méjì lórí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú rẹ̀ tí ayé gbọ́, kí ó sì sọ ibi tí ó ti rí ohun tí ó kọ. Ọmọ náà yan ikú òjijì tí ó pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ó yàn án dáadáa, nítorí pé ìròyìn rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Amẹ́ríkà. Ó gbé ìwé náà wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, ó kọ ọ́ pé òrìṣà Malokun ni ó bínú pa wọ́n, pé oògùn apakoríko ni ó pa wọ́n, àti pé ògógóró ni ó pa wọ́n. Mo bi í pé, “Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni?” Ó dáhùn pé, “Áfáà, gbogbo wọn ni mo rí kà.”

Kò purọ́. Ó kà wọ́n lóòótọ́. Ohun tí kò ṣe ni pé kò gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í ṣe é, títí kan àwa tí irùngbọ̀n wa ti ń funfun.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn á dákú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó kéde pé ènìyàn 17 ti kú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ilé ìròyìn ti ń kọ 18. Àrùn Ebola tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2014 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bo ìlú.

Nínú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Malokun ti jáde. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan fọ́ ojúbọ, wọ́n kó ohun inú rẹ̀, òrìṣà sì ń gbẹ̀san. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e. Òmíràn kọ orúkọ náà ní Malokun, òmíràn kọ ọ́ ní Molokun, èyí tí ó yẹ kí ó ti sọ fún ọmọ wa pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó mọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìwé ìròyìn jẹ́rìí sí. Ó jẹ́rìí pé àwọn ará ìlú sọ bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí olùkọ́ bá ní kí a kọ̀wé lórí ohun tí ará ìlú rò nígbà tí ikú dé, àwọn àgbà Òde-Ìrèlè ni orísun tí ó dára jù lọ, kò sí dókítà tí ó lè gba ipò wọn. Lórí ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ olóògbé, àwọn àgbà kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àbùkù fún wọn.

Ti oògùn apakoríko ni ó ta mí lẹ́nu jù, nítorí pé orúkọ ńlá ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà fi ìgboyà kọ ọ́ pé “Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé apakoríko ni.” Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, agbẹnusọ Àjọ náà, Gregory Hartl, kọ ohun méjì sí ojú ìkànnì Twitter tí wọ́n ń pè ní X báyìí. Ó sọ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe kò fi kòkòrò àrùn kankan hàn. Ó tún sọ pé ohun tí àwọn ń rò lọ́wọ́lọ́wọ́ ni pé apakoríko ni. Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní jẹ́ èsì àyẹ̀wò; èkejì jẹ́ àbá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa kọjá lọ́wọ́ ìwé ìròyìn méjì mẹ́ta, “ohun tí a ń rò” ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà, apakoríko nìkan ni ó kù nínú àkọlé. Mo bi ọmọ náà pé ìwé ìròyìn mélòó ni ó rí. Ó ní mẹ́sàn-án. A jókòó, a wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ agbẹnusọ kan náà ní ọjọ́ kan náà. Ẹlẹ́rìí kan ni ó ní, kò ní mẹ́sàn-án.

Láàrin ọjọ́ mélòó kan, èsì mìíràn dé. Wọ́n ti gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn tí ó lùgbàdì lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó. Dókítà Dayo Adeyanju, tí ó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà, kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni àyẹ̀wò fi hàn, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹ kíyè sí i pé májèlé yìí bá àmì àìsàn náà mu. Bí mẹ́tánọ́ọ̀lù bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di ásíìdì kan tí ń ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi ṣú kí wọ́n tó dákú. Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ọdún 2015 kan náà, irú ikú yìí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, láàrin àwọn tí ó mu ògógóró níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọ́ ojúbọ Malokun ní Rivers.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá àwa Mùsùlùmí wí díẹ̀. Nígbà tí mo ka èsì yìí fún àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn ìrun Aṣri, inú wọn dùn, wọ́n ní, “Ẹ ò rí i! Ọtí ni!” Mo ní kí wọ́n dúró. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ mẹ́tánọ́ọ̀lù nítorí pé ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún wa, ẹ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó gba ti Malokun nítorí pé òun ni ó ń bọ. Ẹ̀yin méjèèjì gba ohun tí ó dùn mọ́ yín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró. Ẹni tí ó bá sì kọ “ọtí ni ó pa wọ́n” kò tíì kọ òtítọ́ tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ń mu ògógóró ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣáájú ọdún 2015 tí wọn kò kú ní ọjọ́ kan. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó wọ inú rẹ̀ ni. Olóògbé náà jẹ́ ọmọ ẹnìkan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ikú wọn ṣe wáàsí.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ òyìnbó ni mo ń kọ́ yín. Àwọn aṣáájú wa tí wọ́n kó hàdíìsì jọ, irú Imaamu Bukhari tí ó kú ní ọdún 256 Híjírà, ìyẹn 870, ti fi ìgbésí-ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ láìmọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni. Wọ́n ń béèrè bóyá ẹni náà jẹ́ olódodo, wọn kì í sì dúró síbẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè bóyá ó mọ ohun tí ó gbọ́ pa mọ́ dáadáa. Olùfọkànsìn tí kò ní àléébù lè wà, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ìrántí rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ kan wá, tí gbogbo wọn gbà á lẹ́nu ẹnìkan, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni wọ́n ń pè é. Àṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn wà nínú Suuratul-Hujuraat, a ń kà á nínú ìrun. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ bí a bá ti mú fóònù lọ́wọ́?

Fóònù náà wúlò o. Wikipedia wúlò, ti èdè Yorùbá pẹ̀lú, bí ẹ bá rántí pé ẹnikẹ́ni lè tún un kọ, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé láti wo ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wá. Ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọmọ wa béèrè ìwé tí a kọ nípa Òde-Ìrèlè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó fún un ní àkọlé ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àti nọ́ńbà ojú-ewé. A wá ìwé náà kiri, kò sí irú rẹ̀ láyé. Ìwé gidi pàápàá ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Mo ti rí ẹni tí ó fi ìwé Samuel Johnson, tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ìtàn Ìkálẹ̀. Ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ tún fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹ mú lẹ́tà ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dání. Bí ẹ bá ní ará ní Àkúrẹ́, ilé ìkàwé ìjọba wà níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ kan ilẹ̀kùn ìdílé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọmọ náà tún ìwé rẹ̀ kọ. Ó pín ìpínrọ̀ kan náà sí mẹ́ta: ohun tí ará ìlú sọ, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé rò ní ọjọ́ 19, àti ohun tí àyẹ̀wò fi hàn, ó sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ti ìkẹta, ó kọ “LUTH sọ pé.” Ó wò ó títí, ó fà á rẹ́, nítorí pé kò tíì rí ìwé LUTH rí. Ó kọ “Kọmíṣánnà sọ pé LUTH rí i pé,” ó wá kọ orúkọ ìwé ìròyìn tí ó ti kà á sí abẹ́ rẹ̀.