Àgbọ́ìgbọ́tán Orí Fóònù

Kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá mi, tí wọ́n ń gbé nílùú Ọ̀yọ́, gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí WhatsApp, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi ní Èkó. Ibùdókọ̀ ni mo wà nígbà tí mo ṣí i. Wọ́n kí mi, wọ́n kí ìyàwó mi, wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Àdúrà náà kò tíì dé ìdajì tí iṣẹ́ báǹkì fi wọlé sójú fóònù. Mo dá ohùn ìyá mi dúró, mo bọ́ sí áàpù báǹkì láti wo iye owó tó kù. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sí Facebook, nítorí ẹnì kan ti fèsì sí ọ̀rọ̀ mi. Láti Facebook mo yà sí YouTube, mo lọ wo góòlù kan tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí. Nígbà tí mo padà sí WhatsApp, mo kọ ọ́ pé, ‘Àmín, Màámi. Ẹ ṣeun gan-an ni.’ Mo wọ ọkọ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò mi obìnrin pè mí. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti tán láti ọjọ́ Ajé, orí ń fọ́ wọn, òòyì sì ń kọ́ wọn, aládùúgbò kan ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, ‘Bùọ̀dá mi, Màámi ní àwọn ti sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ tilẹ̀ ṣe àmín sí i.’

Mo padà lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dópin. Lẹ́yìn gbogbo àdúrà, ohùn wọn rẹlẹ̀: ‘Ọmọ mi, oògùn mi tán lánàá o. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, kí o bá mi wá nǹkan sí i.’

Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀! Ọwọ́ mi kò dilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo fi ń ṣe?

Àwọn àgbà wa kì í fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú ìkíni. Ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń fi kókó rẹ̀ sí, wọn kì í sì í fẹ́ bẹ ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù ní tirẹ̀ ti kọ́ wa láti fi ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan gbogbo sílẹ̀ ká tó dé ìdí rẹ̀. Àgbọ́ìgbọ́tán tí àwọn baba wa ní ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ti di àṣà ojoojúmọ́.

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Gloria Mark ti Yunifásítì California ní Irvine wọn bí ojú ènìyàn ṣe ń pẹ́ tó lórí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà kó tó yí sí òmíràn. Ní ọdún 2004, ó tó ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 47. Sophie Leroy náà fi hàn ní ọdún 2009 pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí bọ́ sí òmíràn, ọkàn wa kì í bá wa débẹ̀ tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á ṣì wà níbi tí a ti kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi ṣe àmín láìmọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù. Òun la fi ń tajà, òun la fi ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, òun náà ló sì gbé ohùn ìyá mi wá láti Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018 ni ọ̀pọ̀ fóònù ti ní ibi tí a ti lè rí iye ìgbà tí a ń ṣí wọn lójúmọ́. Mo wo tèmi, ojú tì mí. Mo pa ìró gbogbo áàpù, àfi ìpè nìkan. Bí a bá ń jẹun alẹ́, inú agbọ̀n kan lórí fíríìjì ni fóònù gbogbo wa ń wà, tèmi ló sì ń kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Bí òbí bá fi ohùn ránṣẹ́, mo máa ń jókòó gbọ́ ọ tán kí n tó fèsì.

Ara Màámi ti yá, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n tún fi ohùn ránṣẹ́. Àdúrà náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dúró dé ìdí rẹ̀, mo ń retí ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Wọ́n ní, ‘Kò sí nǹkan kan o, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n kí ọ ni.’

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìwọ òǹkàwé mi, ohùn ta ni o kò tíì gbọ́ tán lórí fóònù tìrẹ? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.