Àlọ́ Kì í Ṣe Ìwé Kíkà Lásán

Àṣà kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bí àkókò àlọ́ bá tó, olùkọ́ yóò ṣí ìwé, yóò ka ìtàn Ìjàpá láti òkè dé ilẹ̀, yóò sì kọ ìbéèrè sí ara pátákó: Ta ni ó jí iṣu? Níbo ni ó ti jí i? Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ni? Àwọn ọmọ yóò dáhùn bí ayékòótọ́, agogo yóò lù, ó parí. Èyí kì í ṣe àlọ́. Òkú àlọ́ ni.

Ní ayé àtijọ́, eré ni àlọ́ jẹ́, apàlọ́ kì í sì í dá a ṣe. Kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí àwọn ọmọ bá dá a lóhùn. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń jí ọpọlọ wọn kí àlọ́ àpagbè tó wọlé. Bí orin bá sì dé, àwọn ọmọ ni ó ń gbè é. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá mọ́ ọn a máa wọ́ ẹsẹ̀ bí Ìjàpá, a sì máa bú bí ẹkùn. Kò sí ẹnìkan nínú agbo tí ó jẹ́ òǹwòran. Ilé-ẹ̀kọ́ gba àlọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ó ti eré mọ́ ìta.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀ràn kékeré ni èyí, kí ó yí ojú rẹ̀ sí Anyama, ìlú kan ní àríwá Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìlú obì ni, ibẹ̀ ni a ti ń di gbànja sínú àpò tí a ń kó lọ sí Mali àti Burkina Faso. Àwọn tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí pápá ìṣeré tí ó wà ní Ebimpé níbẹ̀ ni Côte d'Ivoire ti na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, tí ó sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira ní ọdún 1960 ni àwọn ará Èjìgbò, Ogbómọ̀ṣọ́ àti ìlú Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò ní agbègbè Abidjan, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Ànàgó.

Kí olùkọ́ fi ọkàn yàwòrán ọmọ ọdún méje kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ń tajà ní Anyama. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Faransé àti Júlà ni ó ń gbọ́ ní ìgboro. Nínú ilé, ìyá rẹ̀ ń sọ Yorùbá sí i, ṣùgbọ́n irú Yorùbá wo ni? "Wá." "Dìde." "Lọ ra iyọ̀ wá." "Gbé àbúrò rẹ." "Panu mọ́." Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣe bí a ti wí. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí ọ̀ràn mú un sọ ní èdè Yorùbá pé, "Bí ó bá ṣe èmi ni, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀." Faransé ni ó fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn, òun ni ó fi ń bẹ̀bẹ̀, òun náà ni ó fi ń pète. Yorùbá ti di èdè ìjẹ́-iṣẹ́, Faransé ni èdè ìrònú.

Ó wá di ọjọ́ kan, a fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ tí ń bọ̀ ní Èjìgbò, kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́. Ìdílé mìíràn sì kó ẹrù padà wálé nígbà rògbòdìyàn ọdún 2002 àti ti 2010 sí 2011. Olùkọ́ béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ dákẹ́. Olùkọ́ ní kò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni. Ó gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò fún un láyè rí láti fi ṣe ohun kan ju pé kí ó jẹ́ "Ẹ̀ẹ́n, Màámi" lọ ni. Kí olùkọ́ Ìbàdàn tàbí ti Èkó má sì rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ tí òbí rẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá bá a wí, wà ní kíláàsì tirẹ̀ pẹ̀lú.

Oògùn rẹ̀ kò jìnnà. Kí olùkọ́ sọ àlọ́ di eré padà. Kí ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà yí tábìlì ká, tàbí kí wọ́n jókòó lórí ẹní. Kí ọ̀kan jẹ́ Ìjàpá, kí ọ̀kan jẹ́ Ajá, kí ọ̀kan jẹ́ Yánníbo, kí ẹlòmíràn jẹ́ olóko. Olùkọ́ ni apàlọ́. Yóò sọ pé ìyàn mú, Ajá sì mú Ìjàpá lọ sí oko olóko. Ìjàpá ti di ẹrù iṣu tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ìró ẹsẹ̀ olóko sì ti ń bọ̀. Níhìn-ín ni olùkọ́ yóò ti pa ìwé dé, tí yóò sì béèrè pé, "Ìwọ Ajá, kí ni o ó ṣe?"

Kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé. Bí Ajá bá ní òun yóò sá, Ìjàpá láyè láti bẹ̀ ẹ́, láti halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí láti rán an létí oore àná. Bí Ìjàpá bá ní òun yóò fo ọgbà, olùkọ́ yóò fi ọmọ ayò kan pamọ́ sínú ọwọ́ kan nínú méjèèjì: bí ọmọ náà bá mú ọwọ́ tí ó wà, ó ti fò ó, bí kò bá mú un, ó ti ṣubú, ìtàn sì gba ibẹ̀ lọ. Bí ọmọ tí ó ti Anyama dé bá sì fẹ́ jẹ́ aláǹtakùn dípò Ìjàpá, kí a gbà fún un. Aláǹtakùn ni ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ nínú ìtàn ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ilẹ̀ náà. Bernard Dadié kọ ìtàn rẹ̀ sínú Le Pagne noir ní ọdún 1955.

Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ẹnìkan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á gba ipò akọni inú rẹ̀, wọn á sọ ohun tí wọn yóò ṣe, wọn á sì da ọmọ ayò onígun láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Lónìí, òbí ń fi owó ra ìwé rẹ̀ láti bá ọmọ kékeré ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò jí i lọ́wọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìtìjú ni bí ẹni tí ó jogún agbo àlọ́ bá ń fojú tín-ín-rín eré, tí àjèjì sì ń náwó lé e.

Àwọn kan yóò ní Ìjàpá ń kọ́ ọmọ ní olè. Àgàgà kí wọ́n ṣe é! Ọmọ tí ó ti jẹ́ Ìjàpá, tí iṣu wà lórí rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ fi sílẹ̀ fún olóko, ti mọ èrè olè ju ẹni tí ó da "má jalè" kọ sínú ìwé lọ. Àwọn mìíràn yóò ní ọmọ ọgọ́ta ni ó wà ní kíláàsì. Kí ọmọ mẹ́wàá para pọ̀ jẹ́ Ajá, kí wọ́n gbìmọ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Kí ìyókù máa gbe orin. Èèwọ̀ pé a kì í pàlọ́ ní ọ̀sán ńkọ́? Kí iṣẹ́ oko má bàa bàjẹ́ ni àwọn àgbà ṣe fi èyí dẹ́rù ba ọmọ. Ní kíláàsì, àlọ́ gan-an ni iṣẹ́.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti ìdánwò: a ní eré ń jẹ àkókò Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-Ifẹ̀ ti dáhùn èyí. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó ti mọ bí a ti ń fi èdè kan jiyàn ti ní ohun tí yóò kó lọ sínú èkejì.

Kí olùkọ́ má sì dúró de ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e. Òfin ń lọ, òfin ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ má ṣe fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ pa ìwé dé, kí ó wo ojú ọmọ kan, kí ó sì bi í ní èdè ìyá rẹ̀ pé kí ni yóò ṣe. Ọmọ tí a kò bi léèrè rí kò lè ní èsì. Bí ó bá sì dàgbà tí kò rí ohun kan fi Yorùbá sọ, kí a má ṣe dá Faransé lẹ́bi, kí a má sì dá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi. Àwa àgbà tí a kì í fi Yorùbá bá a ṣeré ni ó jẹ̀bi.