Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù Tí Ara Rẹ̀ Ò Yá Kì Í Ṣe Olè

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé akọ̀wé ń bá òun wí.

Ọmọ kan bá mi tajà nínú ṣọ́ọ̀bù àwo mi fún ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Nígbà tó yá, ibà dá a wólẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọjọ́ márùn-ún kọjá, èmi nìkan ni mò ń gbé páálí, èmi náà ni mò ń dá oníbàárà lóhùn. Inú bí mi. Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ọmọ náà jókòó sílé, mo ti gba ẹlòmíràn. Ìwé dókítà tí wọ́n mú wá, mi ò tiẹ̀ wò ó. Ni ìyá rẹ̀ bá lọ sí ọ́fíìsì lébọ̀, wọ́n sì kọ̀wé pè mí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri ọjà pé ọmọ yẹn ń jí owó mi. Irọ́ ni. Kò jí kọ́bọ̀. Torí pé wọ́n fẹjọ́ mi sùn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló lọ wáṣẹ́ sí, kò sí èyí tó gbà á.

Ọ́fíìsì yẹn ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà. Mo rò pé àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni òfin iṣẹ́ ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 50 ọdún tí òfin lébọ̀ ti wà ní Nàìjíríà, ó sì kan àwa náà tí a ń gba ọmọ síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Bí ara òṣìṣẹ́ ò bá yá, tí dókítà tó ní ìwé ẹ̀rí sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Bó bá ti tó ọdún méjì lọ́dọ̀ yín àmọ́ tí kò tíì pé márùn-ún, tí ẹ sì fẹ́ kó lọ, ẹ ó kọ̀wé fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tàbí kí ẹ san owó ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ìwé ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bí àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bí. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, ó kéré tán ẹ ó san ìdajì owó rẹ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ lé e nígbà tó wà nílé ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ṣé ó yẹ kí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ pé a ò gbọdọ̀ torí àrùn HIV lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Àwa tí a sì ń sọ pé ‘mi ò gba ẹlẹ́sìn yìí, mi ò gba ọmọ ìlú yẹn,’ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní agbára láti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, ‘Akọ̀wé, èrè tí mò ń jẹ ò tó nǹkan, níbo ni kí n ti rí owó fún ẹni tí ò wá síṣẹ́?’ Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ọjọ́ 12 nínú odindi ọdún ni, ìwé dókítà ló sì máa yà ọ̀lẹ sọ́tọ̀. Ẹni tuntun tí mo gbà, láàárín oṣù kan ó ti fọ́ àwo, ó ti ṣi ṣéńjì fún oníbàárà. Ohun tó bá mi lọ ju owó ibà lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Mo san ohun tí mo jẹ ọmọ náà, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti sọ pé irọ́ ni mo pa. Méjì gbà mí gbọ́. Ìkẹta ṣì ń wo ọmọ náà tìfura-tìfura. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé wa tó ń bọ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Ká máa kọ àdéhùn sílẹ̀ bí a bá gba ọmọ síṣẹ́. Ká máa bu ọlá fún ìwé dókítà. Bí ọmọ bá sì fẹjọ́ wa sun ẹgbẹ́ tàbí lébọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní olè láìsí ẹ̀rí. Ẹni tó bá jalè lóòótọ́, ká mú ẹ̀rí wá síwájú ẹgbẹ́.

Ẹ má bínú o. Ọmọ ẹlòmíràn ló wà lọ́dọ̀ wa lónìí, ọmọ tiwa náà wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́